Risíìtì Tó Dé Lẹ́yìn Owó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Fáòsíátù jẹ́, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò ní sọ òótọ́, ó ṣì fẹ́ jẹun alẹ́. Ọlọ́kadà kan ní Ìyànà Ìbà ni kí ẹ lọ bá. Nígbà tí Fáòsíátù ṣì ń ru ẹyin kiri níbẹ̀, ọlọ́kadà yìí forí sọ ọ́, odidi kíréètì ẹyin fọ́ sórí títì, ọkùnrin náà sì sá lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Fáòsíátù kò lé e, kò ṣépè. Ó kàn wo ojú rẹ̀ dáadáa ni. Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ Iléyá kan, ó rí ọkùnrin náà nínú agbádá funfun, ó ń bọ̀ láti yídì. Ó kí i kú ọdún, ọkùnrin náà dáhùn, ni Fáòsíátù bá ń fọ́ ẹyin tútù sí i lórí fìlà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣófo. Ó ní, "Ó tán láàárín wa." Ó sì wọlé lọ dín ẹran ọdún rẹ̀.

Obìnrin tí Súnkànmí, oníṣòwò Àlàbá, wá rí rẹ́ jẹ nìyẹn.

Ìlárò ni wọ́n bí Fáòsíátù sí, ṣùgbọ́n ẹyin ló sọ ọ́ di ènìyàn ní Èkó. Lórí igbá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ agboòrùn ní Okokomaiko, ó wá rò ó lọ́jọ́ kan pé àwọn tó ń ta ẹyin jíjẹ ti pọ̀ jù, òròmọdìẹ ni kí òun máa tà. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìbà ló kó àwọn ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin sí. Ó ń ra ẹyin adìẹ tó bá àkùkọ gbé lọ́wọ́ àwọn olóko ní ọ̀nà Badagry, á tò wọ́n sínú ẹ̀rọ, á máa yí wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi máa ṣọ́ ooru inú rẹ̀ kó má dín, kó má sì pọ̀ jù. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ẹyin pa, á máa gbé etí lé èèpo, á máa gbọ́ bí òròmọdìẹ ṣe ń ké nínú. Bàbá Abọ́lá, ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé bí òun bá ké bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, ìyàwó òun kò ní gbọ́.

Iná ló ń dà á láàmú. Ti ìjọba kò ṣe é gbára lé, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo bí ẹni tí wọ́n ṣépè òǹgbẹ fún. Ó pinnu láti ra ínfátà àti bátìrì tí yóò máa gbé àwọn ẹ̀rọ náà láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Ó dáwó jọ, ó gba Àlàbá lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ yà sí ni ti Súnkànmí, géńdé kan tó fá irungbọ̀n mọ́ra bí ọkọ ìyàwó. Bí Fáòsíátù ṣe la ẹnu, ó ti fò sókè.

"Mummy, ṣé ará Ìlárò ni yín? Ìlárò ni ìyá mi wà di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí! Ará ilé ni wá nìyẹn o!"

Ó gbé àga fún un, ó nu àga náà, ó fún un ní omi tútù. Inú Fáòsíátù dùn. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tó bá wá yékéyéké.

"Súnkànmí ọmọ mi, fetí sílẹ̀ dáadáa. Mi ò fẹ́ fi wo tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin ni mo fẹ́ fi gbé. Tílẹ̀ bá ti ṣú títí di àárọ̀, iná ò gbọdọ̀ kú lórí ẹ̀. Tó bá kú, àwọn ọmọ inú ẹyin ti kú nìyẹn."

"Mummy, ẹ lọ sùn," Súnkànmí ní, ó fọwọ́ lu bátìrì náà gbàgbàgbà. "Original ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi gbé ọsibítù gan-an, á gbé e. Ṣé mo lè ta gbàrọgùdù fún ará ilé mi ni?"

Wọ́n ná an, ọjà gba ọjà. Fáòsíátù fi fóònù sanwó. Súnkànmí di fóònù tirẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Kò gbé nǹkan kan, kò kọ nǹkan kan. Àláàtì dún, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àfìgbà tó ṣí áàpù báńkì, tó rí owó náà lójúkojú, ló tó ní kí alábàárù gbé ẹrù lọ sínú kẹ̀kẹ́. Fáòsíátù ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, awakọ̀ ti ṣáná sí i, kí Súnkànmí tó sáré jáde tòun ti risíìtì tó ti ká sí méjì. "Risíìtì yín rèé, Mummy. Ẹ bá mi kí wọn nílé." Fáòsíátù tẹ̀ ẹ́ bọ inú báàgì. Kò ka iwájú, áńbọ̀sì ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́, ta ló ń ka ẹ̀yìn risíìtì?

Nǹkan náà ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ẹyin wà nínú ẹ̀rọ ní àkúnwọ́sílẹ̀, ó ti kù díẹ̀ kí wọ́n pa, àwọn oníbàárà ti ń pè láti Okokomaiko pé ìgbà wo ni kí àwọn wá kó òròmọdìẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Fáòsíátù kírun àsùbáà tán, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ooru tó máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó tutù. Ó gbé etí lé ẹyin, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọ́ ọ̀kan wò. Òròmọdìẹ ti pé nínú rẹ̀, ó ti níyẹ̀ẹ́, ó ti ní èékánná, ó ti gbé ẹnu ti èèpo níbi tí ì bá gbà jáde. Fáòsíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún.

Oníná tí Bàbá Abọ́lá pè wá tú bátìrì náà. Ó ní àlòkù ni. Wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn lára ni.

Fáòsíátù padà sí Àlàbá. Kò bá ìjà lọ, ọ̀rọ̀ ìjà kọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé bí ará ilé bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò káwọ́ lérí. Súnkànmí tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo láìnì, ìlà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wà, lè gbọ́.

"Mummy, ẹ yí risíìtì yín sẹ́yìn. Ẹ ò lè kà á ni? Ẹ jẹ́ n bá yín kà á." Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń tú u sí Yorùbá fún un bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "'Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, kò kàn wá.' Kí ló kù? Àbí ẹ fẹ́ kí n wá bá yín sàba lé ẹyin ni?"

Ó sì lóṣòó láàárín ọjà, ó ká apá méjèèjì, ó ń ké bí àgbébọ̀ adìẹ. Láìnì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan gbé fóònù, wọ́n ń ya á ní fídíò, Fáòsíátù dúró láàárín wọn tòun ti hìjáàbù rẹ̀ àti báàgì rẹ̀, abiyamọ tó ti ní ọmọ ọmọ.

Ó wo ojú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Súnkànmí ló wò kẹ́yìn.

"O máa gba ọjà yìí padà," ó ní. Kò pariwo. "Ọwọ́ ara ẹ lo máa fi gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ, níwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí."

Ẹ̀rín tún lé sí i. Wọn kò mọ̀ ọ́n ni.

Láàárín àwọn tó ń ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní òfin òwò, tó sì ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fáòsíátù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọkùnrin náà yí risíìtì síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó to gbogbo ìbéèrè rẹ̀ létòletò: kí lẹ sọ fún un, kí ló fi dá yín lóhùn, ìgbà wo ló fún yín níwèé yìí.

"Ìyá Abọ́lá, ẹ wò ó," ó ní. "Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn lẹnu ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ra agboòrùn, ṣé ẹ máa ní kẹ́ni tó tà á búra pé kò ní jò ni? Òfin ti bá yín fi ìyẹn síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹyin lẹ fẹ́ fi gbé, ó ní ó máa gbé e. Ó ti wọnú àdéhùn nìyẹn, ì báà kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà má kọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn risíìtì yẹn wá ńkọ́?"

"Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yọ ara ẹ̀ nínú ẹ̀bi, kí ọjà tó gba ọjà ló gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn hàn yín, kẹ́ ẹ lè sọ pé ẹ gbà tàbí ẹ ò gbà. Bó ṣe jẹ́ pé ẹ ti sanwó, ẹ ti gbẹ́rù kó tó mú un jáde, ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà ò dè yín." Ó wá họrí. "Àmọ́ ẹ ò ní ẹlẹ́rìí. Ó máa dé kóòtù, á ní òun ti fi hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Á wá di ẹnu yín, ẹnu ẹ̀."

Fáòsíátù gba risíìtì náà, ó ká a padà sí méjì. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹyin ti kú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ bá a kọ lẹ́tà sí Súnkànmí, èsì kò wá. Fáòsíátù gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù májísíréètì, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké, tí ènìyàn lè sọ tẹnu ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ìgbà tí ìwé kóòtù dé ṣọ́ọ̀bù ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fu Súnkànmí. Ó rán Alàgbà Mákindé, àgbà láìnì wọn, sí ilé Fáòsíátù ní Ìbà. Bàbá náà mú ọ̀rọ̀ wá pé Súnkànmí yóò dá owó bátìrì padà, kí Ìyá Abọ́lá ṣáà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí ní bòńkẹ́lẹ́.

"Owó tá à ń wá náà rèé," Bàbá Abọ́lá ní. "Jẹ́ ká gbà á. Tó o bá lọ pàdánù ní kóòtù, owó yìí lọ nìyẹn, wọ́n á tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì."

"Mi ò gbà á."

"Fáòsíátù! Ṣé owó lò ń wá ni, àbí ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá Abọ́lá. Tówó bá tẹ̀lé e, mi ò ní dá a padà."

Alàgbà Mákindé bẹ̀ ẹ́. Ó ní Súnkànmí yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú pálọ̀ yẹn gan-an. Fáòsíátù bi bàbá náà léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú pálọ̀ ló ti sàba fún mi?" Bàbá mú fìlà rẹ̀, ó dìde. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Fáòsíátù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó fún un ní ẹyin lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀, torí bàbá kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kóòtù pé. Adájọ́ jẹ́ obìnrin kan tí kò lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tí ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Súnkànmí wọ súùtù tuntun, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti láìnì wá jókòó sẹ́yìn. Fáòsíátù ro ti ẹnu rẹ̀. Nígbà tó kan Súnkànmí, ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ náà ló jáde lẹ́nu rẹ̀: òun fi risíìtì han Mummy, òun ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí i létí, Mummy ní òun gbà, kó tó wá sanwó. Ó sọ ọ́ geere láìṣẹ́jú. Bàbá Abọ́lá dorí kodò. Ó dà bí ẹni pé ó ti parí.

Adájọ́ bi Fáòsíátù bóyá ó ní ìbéèrè. Ó dìde, ó tún hìjáàbù rẹ̀ ṣe, ó fi ohùn ìyá sọ̀rọ̀.

"Súnkànmí ọmọ mi, ìbéèrè kọ́, àánú ẹ ló ń ṣe mí. Àwọn oní-àláàtì ayédèrú ti pọ̀ nílùú. Ìwọ tó ò ń kọ risíìtì fún oníbàárà kówó tó wọlé, wọ́n á kó ẹ láṣọ lọ. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti kó ẹ rí, tójú ń tì ẹ́ láti sọ. Ọmọdé ni ẹ́, o ò tíì gbọ́n lọ́jà."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ènìyàn lè pe oníṣòwò Àlàbá ní olè, kí onítọ̀hún mi orí lọ. Kó má ṣáà pè é ní ẹni tí àláàtì ayédèrú lè mú. Ìyẹn ni pé wọ́n lè rán ọmọ ọwọ́ wá kó ọjà rẹ̀ tán. Ojú Súnkànmí ràn.

"Ta ni? Èmi?" Ó gbàgbé pé kóòtù ni òun wà. "Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ní Àlàbá, tí mo gbòmìnira ní Àlàbá? Kò sẹ́ni tó fi àláàtì lù mí ní jìbìtì rí! Ẹ bi gbogbo láìnì! Mi ò kì í mú bírò rárá tí mi ò bá tíì rówó nínú àkáǹtì mi. Ẹrù gan-an á ti wà nínú mọ́tò kí n tó kọ risíìtì!"

"Irọ́ lò ń pa," Fáòsíátù ní. "Bóyá fún àwọn ẹlòmíì. O ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi."

"Mo ṣe é fún ẹ̀yin náà! Ṣé kì í ṣe inú kẹ̀kẹ́ lẹ wà tí mo sáré gbé risíìtì bá yín ni? Ẹ ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé," Fáòsíátù ní, ó sì jókòó.

Kò sí ohun tí ẹ ń gbọ́ ju bírò adájọ́ tó ń lọ lórí ìwé. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde, kò ṣe é kó wọlé mọ́.

Ìdájọ́ kò gùn. Adájọ́ ní àdéhùn ti parí lọ́jọ́ náà nígbà tí owó wọlé tí ẹrù sì jáde. Ohun tí Súnkànmí fi lé obìnrin náà lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí oníbàárà bá sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún, tó sì gbọ́kàn lé ìmọ̀ rẹ̀, òfin ti ka ìlérí sí i lọ́rùn pé ọjà yóò wúlò fún ohun náà. Kí Súnkànmí dá owó bátìrì padà, kí ó san owó ẹyin tó kú, kí ó sì gba ọjà rẹ̀.

Súnkànmí sanwó. Ó wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun yóò rán oníkẹ̀kẹ́ wá gbé bátìrì ní Ìbà. Fáòsíátù ní kó má ṣèyọnu, òun yóò bá a gbé e wá.

Ó yan ọjọ́ tí Àlàbá kún jù lọ, ní ìyálẹ̀ta, nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá gbogbo alábàárù tó máa ń jókòó lẹ́nu láìnì yẹn, Yorùbá inú wọn, Ẹ̀gùn inú wọn, ó ti san owó iṣẹ́ àárọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sinmi. Lẹ́yìn náà ló sọ bátìrì náà kalẹ̀ lẹ́nu láìnì, ó pe Súnkànmí lórí fóònù.

"Ọjà ẹ dé o. Wá gbé e."

Súnkànmí jáde. Ó pe alábàárù, alábàárù ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó pe òmíràn, onítọ̀hún ń jẹun. Àwọn èèyàn ti ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, wọ́n dúró ní ọ̀tún, wọ́n dúró ní òsì, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá bátìrì mọ́ àyà. Ẹrù tí ọkùnrin méjì ń gbé ni. Ìdọ̀tí rẹ̀ ra mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ, Fáòsíátù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ọn dé eegun.

Ní agbedeméjì ọ̀nà, Súnkànmí sọ ẹrù náà kalẹ̀. Òógùn bò ó. Ó yíjú sí Fáòsíátù, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ìlárò. Ìyá mi ò jẹun láti àná. Ẹ jẹ́ kó tó báyìí. Ẹ dárí jì mí."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wọ Fáòsíátù lára, abiyamọ ni, kò lè ṣàì wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lára tó.

"Ìdáríjì?" ó ní. "Kò sí nínú àdéhùn wa, Súnkànmí. Kò sí nínú èyí tá a fẹnu sọ, kò sí nínú èyí tá ò sọ. Gbé e."

Ó gbé e.